Ọgbẹ́ Tí A Kò Fi Ojú Rí

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Pleasure, ní Alímòṣọ́, tí ó gba ojú títì ńlá náà lọ láìyà, tí ó sì kọjá Sàǹgó Ọ̀tà, Abẹ́òkúta ni yóò dé. Níbẹ̀ ni Láńtòrò wà, ibi tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ ìtàn rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ wa lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà nínú igbó kìjikìji. Àwọn mìíràn kú síbẹ̀. Àwọn mìíràn bọ̀ pẹ̀lú àpá ọta lára. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà tí kì í ní àpá. Ẹni tí ogun bá dá irú rẹ̀ sí lọ́kàn kì í rí oorun sùn. Bí ilẹ̀kùn bá dún, ìbọn ni ó gbọ́.

Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun kò tí ì parí, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò di ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí a dá padà sílé nítorí àrùn ọkàn. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó jà fún ọba, ilé ẹlẹ́wọ̀n ni ó bọ̀ wá bá!

Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní Arò, nítòsí ibẹ̀. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan olúkúlùkù a sì bá a wá. Wọn a lọ gba ìtọ́jú, wọn a sì padà sáàárín ènìyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú láti bá a ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé oògùn nìkan kò tó. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Jagunjagun ni Ọba Sọ́ọ̀lù. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kò wá ṣẹkẹṣẹkẹ̀ fún un. Dáfídì oníháàpù ni wọ́n wá.

Láti ọdún 2009 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń bá Boko Haram jà ní ìhà Bọ́rùnó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà sí àdúgbò wa tí ó ń dá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe hó lé e lórí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì dúró tì í.