Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ìtàn Funke Opeke



Tí ẹ bá dé ọjà Oliha lónìí, ẹ ó rí ìyá tó ń ta gàrí, tí ọmọ ẹ̀ jókòó tì í, tó ń fi áàpù orí fóònù kọ iye tí wọ́n tà àti iye tó kù nínú àpò. Kò ṣe wá ní kàyéfì mọ́. Àmọ́ kò tíì pẹ́ tí irú ẹ̀ ò ṣeé ṣe. Ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni ọmọ wa, Arábìnrin Funke Opeke.

Ọmọ Ilé-Olújì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ó lọ sí Queen's School n'Íbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì tún gboyè ní Columbia, New York. Ó ṣiṣẹ́ l'Ámẹ́ríkà bí ogún ọdún, títí tó fi di ọ̀gá ní Verizon. Ní 2005 ló padà wálé, tó di ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní MTN.

Ohun tó bá nílé ò dáa. Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọjà, àmọ́ wáyà abẹ́ òkun kan ṣoṣo, SAT-3, ló wọ Nàìjíríà nígbà yẹn, ọwọ́ NITEL ló sì wà. Ẹni tí ò bá rí ti SAT-3 lò á gba ti sátẹ́láìtì, owó gọbọi ni. Ẹ rántí sáíbà kafé: ẹ ó sanwó wákàtí kan, ìdajì ẹ̀ á ti lọ kí lẹ́tà kan tó ṣí! Ta ló máa gbé ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ ẹ̀ sórí irú íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀?

Ní 2008, Opeke dá MainOne sílẹ̀. Wáyà tí wọ́n fà láti Potogí, tó gba Accra dé Èkó, gùn tó 7,000 kìlómítà, owó ẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 240 dọ́là. Oṣù keje 2010 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Glo náà fa tiẹ̀ lásìkò yẹn. Ọ̀nà wá di púpọ̀, owó íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wálẹ̀. Ní 2015, wọ́n ṣí ilé ńlá kan ní Lẹ́kí, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ń gbé kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwé òwò wọn sí.

Ó kan Benin náà. Ní 2017, MainOne àti Facebook kéde pé àwọn máa ri wáyà fáíbà tó tó 750 sí 800 kìlómítà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Ògùn.

Ní 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Ẹlòmíì lè ní kí ló dé tó fi tà á fún òyìnbó. Èrò tèmi ni pé ẹni tó la ọ̀nà ò ní kó jókòó sójú ọ̀nà títí ayé. Wáyà náà ṣì wà lábẹ́ òkun, a ṣì ń jẹ àǹfààní ẹ̀.

Àwa tá a kúrò nílé, tá à ń bi ara wa pé ìgbà wo la máa padà, ẹ jẹ́ ká ro èyí wò: ohun tó dun Opeke nígbà tó padà ló sọ di iṣẹ́. Tí ọmọbìnrin yín bá sì ní ẹ̀rọ lòun fẹ́ kọ́, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.