Bí Odò Ẹja Trout Ṣe Di Ti Mẹ̀kúnnù ní Amẹ́ríkà

Ẹja trout kì í gbé inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tútù tó mọ́ gaara, tó ń sáré lórí òkúta, ló bá a lára mu. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè bá a pàdé nínú odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun. Kòkòrò wẹẹrẹ tó ń dàgbà lábẹ́ omi, tó sì ń hu apá fò jáde, wà lára oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kéré, ó sì rọ̀ ju ohun tí a lè fi há ẹnu ìwọ̀ lọ. Àwọn apẹja ayé àtijọ́ wá dá ọgbọ́n sí i: wọ́n fi òwú àti ìyẹ́ adìyẹ we ìwọ̀ títí ó fi jọ kòkòrò náà lójú ẹja. Claudius Aelianus, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Kristi, ti ṣàpèjúwe bí àwọn ará Masidóníà ṣe ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀: òwú pupa lára ìwọ̀, ìyẹ́ méjì tí wọ́n fà tu lábẹ́ ọrùn àkùkọ, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti okùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Kò sí ohun tó wọ́n nínú gbogbo èyí. Àkùkọ wà ní gbogbo abúlé, òwú wà, igi ọ̀pá wà. Ohun tó wá ń ná apẹja lówó láyé ìgbà tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀tọ́ àtidúró létí odò, ibi tí yóò sùn, àti ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀. Ìtàn bí ìpẹja ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ìtàn bí wọ́n ṣe yanjú àwọn ìnáwó mẹ́ta yìí ni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀kọ́ inú ìwé. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1496, tí àṣà sọ pé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Juliana Berners ló kọ ọ́, to oríṣi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ 12 lẹ́sẹẹsẹ. Izaak Walton, oníṣòwò ará Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1653. Nígbà tó di ọdún 1676, Charles Cotton, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ilẹ̀ létí odò Dove, fi apá kan kún un lórí ẹja trout. Ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ṣe kókó. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ni bèbè odò ló ni ẹ̀tọ́ ẹja inú rẹ̀. Cotton lè jí lówùúrọ̀ kó bọ́ sí odò ara rẹ̀. Ẹni tí kò nílẹ̀ ní láti tọrọ àṣẹ, tàbí kó sanwó. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá kan dá ẹgbẹ́ Houghton sílẹ̀ ní Stockbridge lọ́dún 1822, tí wọ́n sì gba ibi tó dára lódò Test fún ara wọn, ọ̀rọ̀ ti di ti ọlọ́lá pátápátá níbẹ̀. Létí odò kan náà ni Frederic Halford ti ṣe ìwádìí lórí ìwọ̀ tó ń léfòó lójú omi, èyí tó fi sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1886. Ìmọ̀ ńlá ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á kò lè dé etí odò tí ìwé náà ń sọ.

Ní Amẹ́ríkà, igbó àti odò ṣì pọ̀ lọ jàra. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ló ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì mọ gbogbo ọ̀nà omi. Ní òkè Adirondack, ní ìpínlẹ̀ New York, ọ̀kan lára àwọn afọ̀nàhàn tí òkìkí wọn kàn jù ni Mitchell Sabattis, ọmọ ẹ̀yà Abenaki, ará Long Lake. Igbó yìí ni William H. H. Murray, àlùfáà ìjọ Park Street ní Boston, kọ ìwé kan lé lórí, tó sì gbé e jáde lọ́dún 1869.

Ohun tó mú kí ìwé Murray ràn bí iná ọyẹ́ ni pé kò fi mọ sórí bí igbó ṣe dùn tó. Ó ṣírò owó. Ó sọ ti owó ọkọ̀, ó sọ ti oúnjẹ, ó sì sọ pé dọ́là 2.50 ni owó afọ̀nàhàn lójúmọ́. Ìṣirò rẹ̀ já sí dọ́là 125 fún oṣù kan gbáko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà gan-an, èrò ya wọ Adirondack láti àwọn ìlú ńlá. Ilé ìgbàlejò kò gbà wọ́n, òjò rọ̀, kòkòrò dúdú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ sì ṣe wọ́n bó ṣe fẹ́. Inú bí ọ̀pọ̀ wọn, àwọn èèyàn sì sọ wọ́n lórúkọ pé òmùgọ̀ Murray. Orúkọ náà le jù. Wọ́n gba ohun tí wọ́n kà gbọ́ ni, wọ́n sì fẹ́ mí sí atẹ́gùn tó mọ́. Àléébù tó wà nínú ìṣirò náà wà níbòmíràn: bí a bá san dọ́là 2.50 fún ọgbọ̀n ọjọ́, dọ́là 75 ti lọ. Ó ju ìdajì gbogbo owó náà lọ, ọwọ́ afọ̀nàhàn nìkan ló sì ń lọ.

Ẹni tó rí ọ̀nà yí èyí ká ni George Washington Sears, aránbàtà kan ní Wellsboro, Pennsylvania. Ọdún 1821 ni wọ́n bí i. Ó kéré, ó rù, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì dá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkùnrin ẹ̀yà Nipmuc kan tó ń jẹ́ Nessmuk ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n inú igbó, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ yìí ló sì ń fi sábẹ́ àròkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Forest and Stream. Sears kò lágbára àtigba afọ̀nàhàn, kò sì lágbára àtiru ọkọ̀ wúwo láti odò kan sí èkejì. Ó tọ J. Henry Rushton lọ, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Canton, New York, pé kó bá òun kan ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tó fúyẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn tó kàn fún un, Sairy Gamp, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó kílò márùn-ún. Lọ́dún 1883, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó fi ọkọ̀ yìí rin máìlì 266 nínú igbó Adirondack, láìní afọ̀nàhàn kankan.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé rẹ̀, Woodcraft, jáde. Àwọn tó ní lọ́kàn ni oníṣẹ́ ọwọ́, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀, tí ìsinmi ọdọọdún wọn kò pọ̀, síbẹ̀ tí ara wọn nílò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ẹrù fúyẹ́. Nínú ìrìn àjò rẹ̀ kan, ọkọ̀, aṣọ ìpààrọ̀, àpò ìsùn, oúnjẹ ọjọ́ méjì, àáké kékeré, ọ̀pá ìwọ̀ àti àpò ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bí kílò 12 lọ. Ó kọ́ni bí a ṣe ń gé aṣọ àgọ́, bí a ṣe ń dá iná tí kò ní jẹ igi ní ìjẹkújẹ, àti bí a ṣe ń se ẹja. Ó tún fúnni ní oògùn kòkòrò tó lé èrò Murray sílé: ọ̀dà igi páìnì ìwọ̀n mẹ́ta, òróró làrà ìwọ̀n méjì, òróró ewé kan tó ń ta sánsán ìwọ̀n kan, kí a sè é lórí iná tí kò le, kí a fi para, kí a má sì ṣe wẹ̀ ẹ́ kúrò. Murray ló ṣí ilẹ̀kùn igbó fún ará ìlú, òkìkí rẹ̀ sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n aránbàtà Wellsboro ni baba gbogbo ẹni tó ń fi owó kékeré pàgọ́ létí odò.

Ní àkókò kan náà, ẹja ti ń tán. Iṣẹ́ igi gígé sọ bèbè odò di ìhòòhò, oòrùn wọ inú omi, trout ìbílẹ̀ sì sá sókè odò. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹyin ẹja di ọmọ. Livingston Stone dá ibùdó kan sílẹ̀ létí odò McCloud ní California lọ́dún 1872, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti kó trout aláwọ̀ òṣùmàrè lọ káàkiri. Ẹyin trout aláwọ̀ ilẹ̀ dé láti Jámánì lọ́dún 1883, wọ́n sì da ọmọ ẹja náà sínú odò Baldwin ní Michigan lọ́dún 1884. Ẹja àlejò yìí gbọ́n, ó sì lè fara da omi tó gbóná díẹ̀. Lọ́dún 1885, New York ya igbó ìjọba Adirondack sọ́tọ̀, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1894 sì ní kó máa jẹ́ igbó títí láé. Orí irú ilẹ̀ gbogbogbòò bẹ́ẹ̀ ni ìpàgọ́ olówó pọ́ọ́kú dúró lé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kù. Mọ́tò Model T tí Henry Ford gbé jáde lọ́dún 1908 mú kí ìdílé òṣìṣẹ́ lè dé odò láìwọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ìlú ti ní ibi tí arìnrìn-àjò lè pàgọ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń pa igbó tó gbé èèyàn wá wò. E. P. Meinecke, onímọ̀ àrùn igi, ṣàkíyèsí pé táyà ń tẹ ilẹ̀ mọ́ gbòǹgbò títí igi á fi kú. Lọ́dún 1932 ó dá a lábàá pé kí ọ̀nà inú ibùdó máa yí po ní ìhà kan ṣoṣo, kí àgọ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀, kí ààrò àti tábìlì sì dúró sójú kan. Ẹni tó bá wọ ibùdó ìjọba ní Amẹ́ríkà lónìí, nínú àwòrán Meinecke ló ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́ inú Civilian Conservation Corps, ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe púpọ̀ nínú àwọn ibùdó náà láàrin ọdún 1933 sí 1942. Ọgbọ̀n dọ́là ni owó oṣù wọn, dọ́là 25 nínú rẹ̀ ń lọ sílé fún òbí. Ebi ló lé wọn wọ iṣẹ́ náà, ìsinmi àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi kọ́.

Ilẹ̀kùn náà kò ṣí fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Ní ọgbà Shenandoah ní Virginia, tí trout ìbílẹ̀ ṣì wà nínú àwọn odò rẹ̀, ibùdó Lewis Mountain ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1939. Ó di ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì kí wọ́n tó mú ìyàsọ́tọ̀ náà kúrò. Ìdílé adúláwọ̀ tó ń ṣètò ìrìn àjò kò lè fi mọ sórí owó epo àti oúnjẹ. Wọ́n ní láti mọ ìlú tí wọ́n lè sùn sí láìsí ewu. Láti ọdún 1936 ni Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní New York, ti ń tẹ ìwé kan jáde tó ń to irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìpàgọ́ tí kò bá mẹ́nu kan ìwé yẹn kò pé.

Lẹ́yìn ogun, irinṣẹ́ pàápàá rọjú. Ọ̀pá ọparun onílà mẹ́fà, irú èyí tí Hiram Leonard ń ṣe láti àwọn ọdún 1870, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba sùúrù àti owó. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ọ̀pá fáíbàgíláàsì dé ọjà, ilé iṣẹ́ sì lè ṣe é lọ́pọ̀. Náílọ́ọ̀nù gba ipò okùn ṣẹ́dà, tí wọ́n máa ń sá gbẹ lẹ́yìn ìpẹja kó má bàa jẹrà. Àgọ́ àti àpò ìsùn tí iṣẹ́ ológun kò nílò mọ́ bọ́ sí ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Òfin kan lọ́dún 1950 ní kí owó orí irinṣẹ́ ìpẹja padà sórí ìtọ́jú ẹja.

Montana ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àtidúró nínú odò ti yanjú jù. Dick Vincent, onímọ̀ ẹja fún ìpínlẹ̀ náà, ka ẹja inú odò Madison, ó sì rí ohun tí kò sẹ́ni tó retí: níbi tí wọn kò da ẹja ìsìn sí mọ́, ẹja tí a bí sínú odò ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1974, Montana dáwọ́ ẹja dídà dúró nínú odò tí trout ti ń bí fúnra rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ kan sì ń lé èèyàn kúrò létí omi. Ẹjọ́ méjì, lórí odò Dearborn àti odò Beaverhead, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 1984, aráàlú ló sì jàre. Òfin ọdún 1985 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè rìn nínú odò dé ibi tí omi máa ń kún dé, kódà bí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹnìkan, bí kò bá ti gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ wọlé. Òfin mìíràn lọ́dún 2009 jẹ́ kí wọ́n lè gba ẹ̀gbẹ́ afárá bọ́ sódò.

Ẹni tó ń ṣètò irú ìrìn àjò yìí ní Montana lónìí ní ìwé àṣẹ ìpẹja láti rà, epo mọ́tò, oúnjẹ, àti owó ibùdó bó bá fẹ́ ibi tó ní omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nínú igbó ìjọba àpapọ̀, ó lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ síbi tí kò ní ohun amáyédẹrùn. Ọjọ́ 14 ló sábà máa ń jẹ́ òpin. Kò nílò afọ̀nàhàn, ọ̀pá rẹ̀ kò sì ní láti jẹ́ ọparun. Ohun tuntun tó ní láti fi sínú ètò rẹ̀ ni ooru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi odò bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 23 Sẹ́líṣíọ̀sì fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ìjọba lè ti odò náà láti aago méjì ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru, nítorí ẹja tí a bá mú nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè kú bí a tilẹ̀ dá a padà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ará inú àgọ́ ń jí, kó lè ju ìwọ̀ rẹ̀ nígbà tí omi ṣì tutù.