Òkè Patí àti Àwa Ọmọ Yorùbá ní Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi kó tọmọdé tàgbà lọ gun Òkè Patí kí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ yìí tó pé.

Òkè náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,500 sí ìtẹ́jú òkun, orí rẹ̀ sì tẹ́ bí pápá. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Odi wo ni a lè mọ tí yóò ṣọ́ odò jù bẹ́ẹ̀ lọ? Abájọ tí Lugard fi kó ọmọ ogun jọ sí Lọ́kọ́jà, tí ilé ìsinmi rẹ̀ sì wà lórí òkè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ìlú yìí ni ó ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì lórí Àríwá Nàìjíríà.

Àwọn ọmọ wa ti gbọ́ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw ti sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ́nù, ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897, ni orúkọ náà ti jáde. Ọdún 1902 ni ó tó di aya Lugard.

Èyí tó kàn wá jù ni pé kí Lugard tó dé, ọmọ wa ti dé. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, bá ọkọ̀ òyìnbó gòkè Odò Ọya ní 1841. Ẹsẹ̀ òkè yìí ni wọ́n dá oko sí, lórí ilẹ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ Àtá Ìgalà. Ibà pa òyìnbó púpọ̀, oko náà sì tú. Ṣùgbọ́n Crowther tún padà wá ní 1854 àti 1857.

A kò sọ èyí láti fi gba ilẹ̀ onílẹ̀. A sọ ọ́ nítorí pé Crowther kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, òun ni a fi mọ̀ ọ́n. Àwa ńkọ́? Àwọn bàbá àti ìyá tó kọ́kọ́ kó wá síhìn-ín ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàn wọn sì ń bá wọn lọ. Ẹ̀yin ará, bí ẹ ti ń dáwó lónìí, ẹ kọ ọdún tí àwọn òbí yín dé, ìlú tí wọ́n ti wá àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kí ẹ fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.