Ohun Tí Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ Ń Ṣe Bí Ó Bá Farapa: Ìtàn Ìwádìí Láti Orí Àkèré Dé Orí Òkété

Ẹni tó bá já bọ́ lórí zémidjan, alùpùpù akérò, ní Dowa, ní Àjàṣẹ́, tó sì fi orí gbálẹ̀, lè dìde fúnra rẹ̀, kó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, kó sì wọlé lọ. Nígbà tó bá ṣe, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á máa bì, oorun tí kò ṣe é jí á sì gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn sínú agbárí rẹ̀; àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pẹ̀lú lè máa kú lọ lẹ́yìn tí ìṣubú ti parí. Ó lé ní 170 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń tọpa ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣe bí wọ́n bá farapa. Apá tí mo kà sí pàtàkì jù nínú ìtàn náà, fún àwa tí à ń jẹ gàrí, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú ló ti ṣẹlẹ̀.

Ara àkèré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1850, Augustus Waller, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gé iṣan tó wọ ahọ́n àkèré, ó sì ń fi máíkírósíkóòpù ṣọ́ ọ. Apá tó ti já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rún wómúwómú. Èyí tó ṣì so mọ́ sẹ́ẹ̀lì wà láàyè. Ní 1892, Franz Nissl ní Jámánì fa iṣan ojú ehoro tu, ó sì lọ wo inú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ni iṣan náà ti wú, kóró inú wọn sì ti sún sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló mọ̀ pé kì í ṣe ikú ni gbogbo èyí: sẹ́ẹ̀lì náà pa iṣẹ́ ojoojúmọ́ tì, ó ń pèsè ohun tí yóò fi tún fọ́nrán rẹ̀, okùn tín-ín-rín rẹ̀ tó wà nínú iṣan, ṣe.

Santiago Ramón y Cajal, ọmọ Sípéènì, rí i pé fọ́nrán tí wọ́n gé nínú ọpọlọ máa ń rúwé díẹ̀, lẹ́yìn náà á dáwọ́ dúró. Ìwé ńlá tó kọ lórí èyí ní 1913 sí 1914 mú kí ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ohun tó bá bàjẹ́ nínú ọpọlọ àgbàlagbà, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Ó di 1981 kí Samuel David àti Albert Aguayo ní Kánádà tó so iṣan ẹsẹ̀ eku mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí fọ́nrán ọpọlọ sì gba inú rẹ̀ hù jìnnà. Agbára àtihù wà lára sẹ́ẹ̀lì. Ibi tó wà ni kò jẹ́ kó hù.

Ta ló ń dí i lọ́wọ́? Pío del Río-Hortega, tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Cajal, ti ṣàlàyé ní 1919 pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan, microglia, máa ń sáré lọ síbi ọgbẹ́, wọ́n á sì máa gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì. Irú mìíràn, astrocyte, máa ń wú, á sì di àpá yí ọgbẹ́ náà ká. Àpá yìí ń dáàbò bo ibi tó kù, ṣùgbọ́n ó tún wà lára ohun tó ń dènà fọ́nrán tuntun. Ní 1969, John Olney ní Amẹ́ríkà fi hàn pé glutamate, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, lè ru sẹ́ẹ̀lì sókè débi pé yóò kú bó bá pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ń tú u dà sára aládùúgbò rẹ̀. Ìdí nìyí tí wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣubú fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀, tí kò fi yẹ kí a ní kí ẹni tó forí gbálẹ̀ lọ sùn pé ara rẹ̀ á yá.

Ìwádìí náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní 1962 ni Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, padà sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ náà ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ti gbájú mọ́ àìsàn kan tó ń ṣe àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú: ẹsẹ̀ ń jó wọn, wọ́n ń rìn gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ojú ń ṣú, etí ń di. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1968 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Brain. Ó wọn bí iṣan wọn ṣe ń ránṣẹ́ sí, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó bá thiocyanate tó pọ̀ níbẹ̀. Èyí ni ara ń sọ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ dà, ó sì ń lo imí-ọjọ́ inú ẹja, ẹran àti ẹyin láti ṣe é. Sáyánáìdì kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lo afẹ́fẹ́ tó ń mí, sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í sì í lè fara da ìyẹn pẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wà nínú ewu jù. Dídì tí a ń di ẹ̀gẹ́ rírin sápò kó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ló ń lé púpọ̀ nínú májèlé náà lọ. Mo bẹ ẹni tó ń yan gàrí tà pé kó má ṣe kánjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwọlé, onímọ̀ àìsàn ọpọlọ àti iṣan, lọ sí Ososa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì bá àìsàn náà lára 206 nínú 3,428 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìwé náà jáde ní 2000. Ní 2002 ó tún kọ ọ́ pé ìlú mìíràn wà tí sáyánáìdì inú oúnjẹ wọn pọ̀, tí àìsàn náà kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń fà á, tàbí pé ó ń bá ẹ̀gẹ́ ṣe é. Mo gbóríyìn fún un pé ó tún ilé tí ọ̀gá ńlá ti kọ́ yẹ̀ wò láìbẹ̀rù.

Ní Ìbàdàn kan náà, ní Yunifásítì ibẹ̀, James Olópàdé, onímọ̀ ẹ̀yà ara ẹranko, kọjú sí vanadium, irin tó wà nínú epo rọ̀bì, tó sì ń bá èéfín jáde bí wọ́n bá dáná sun ún. Ní 2011, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn lára ọmọ eku pé irin yìí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ì bá dàgbà di èyí tó ń fi ọ̀rá bo fọ́nrán ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ mú òkété láti àgbègbè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Nàìjíríà, títí kan àbàtà ibi tí wọ́n ti ń wa epo, wọ́n wọn irin inú ọpọlọ wọn, wọ́n sì wo bí microglia àti astrocyte wọn ti wú sí. Inú ilẹ̀ tí à ń dáko sí ni òkété ń gbé, ohun tí à ń jẹ ló ń jẹ, ó sì ń pẹ́ láyé ju eku kékeré inú àgò lọ, nítorí náà ohun tó bá wọ ọpọlọ rẹ̀ sọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́ àti omi tí àwa náà ń lò.