Obì Baṣọ̀run àti Ìbò Wa

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ní Máfolúkù, àwòrán olùdíje a kún ara ògiri. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ ìwà. Láti mọ ìwà yìí ni àwọn òyìnbó kan fi ń wo káàdì tarot. Ifá ni àwọn baba tiwa ń bi. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà lọ́dún 2022, awuyewuye pọ̀ kí ìjọba tó kéde Akeem Ọwọ́adé ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ní Ifá ló mú un.

Àmọ́ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìbéèrè kì í parí lọ́jọ́ ìwúyè. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọ̀run, Baṣọ̀run a da obì láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì gbà á. Ọba tó bá sì di aninilára, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ̀ ọ́, kí ó ṣígbá wò.

Nítorí náà, Ifá ló ń yan ọba, ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ. Àwa ń dìbò ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, a sì ń padà lọ sùn. Ó yẹ kí àwa náà máa bi ẹni tí a yàn lọ́dọọdún pé: ọ̀nà dà, omi dà?