Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Tọ́jú Ọ̀rọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe É Mọ̀

Ní àwọn ilé kéú wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, inú ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sí, tí yóò sì kọ ìtumọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìwé náà bá kún, wíwá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tó mọ Python díẹ̀ ṣe lè ṣe ètò tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀, tó ní fèrèsé àti bọ́tìnnì tí ọmọdé pàápàá lè tẹ̀.

Kíkó ọ̀rọ̀ jọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1843 ni wọ́n tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ̀ǹpútà yára ju ìwé lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá; àwa la máa kọ́ ọ.

Fèrèsé rẹ̀ kò le. Tkinter tó bá Python wá tó fún àpótí ọ̀rọ̀, àpótí ìtumọ̀, bọ́tìnnì ìpamọ́ àti ibi ìwádìí. Bí Lárúbáwá bá pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, PyQt la fara mọ́ jù, torí ó mọ bí a ti ń to lẹ́tà láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ fi SQLite pa ọ̀rọ̀ mọ́: fáìlì kan ṣoṣo ni, ó ṣeé kó sínú fúláàṣì, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ètò náà pa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ní kété tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń lọ.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni àmì. Ẹnì kan lè tẹ “ẹ́” láti inú “ẹ” kó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti “é” kó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á tẹ “e” kó fi méjèèjì sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ lánàá, ètò á ní kò sí, á tún un kọ, àkójọ á sì dàrú. Àtúnṣe rẹ̀ ni ìlànà NFC ti Unicode, èyí tí unicodedata.normalize ń ṣe nínú Python: kí ètò lò ó kó tó pa ọ̀rọ̀ mọ́, kó sì lò ó fún ohun tí a ń wá. Àwọn kan ṣì ń fa ìlà kékeré sábẹ́ ẹ dípò àmì tóótó. NFC kò ní fọwọ́ kan ìyẹn o, ẹ̀yin lẹ máa pàṣẹ kí ètò pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá tẹ “owo” rí owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀ pa pọ̀, kó mú èyí tó ń wá. NFD máa ń ya àmì kúrò lára lẹ́tà, a ó sì fi ẹ̀dà tí kò ní àmì pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ gidi fún ìwádìí nìkan. Ẹ má ṣe pa ti gidi rẹ́.

Ó ku títò. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, “ẹ̀kọ́” á bọ́ sẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi y bẹ̀rẹ̀, “gbogbo” á sì ṣáájú “gígùn”. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ètò sì wò bóyá b tẹ̀lé g kó tó ka g sí lẹ́tà kan.