Àgbàlá Kan, Ẹ̀tọ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Obìnrin Nínú Agbo Ilé Ifẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò obìnrin nínú agbo ilé Ifẹ̀ àtijọ́, kó má wulẹ̀ wọn yàrá rẹ̀. Yàrá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: wọ́n kéré, wọ́n ṣókùnkùn, àgbàlá kan náà ni wọ́n kọjú sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni kó béèrè. Ṣé wọ́n bí i síbẹ̀ ni, àbí wọ́n gbé e níyàwó wá, àbí wọ́n rà á lẹ́rú, àbí ìwọ̀fà ni? William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí ní Ifẹ̀ lọ́dún 1937, rí i pé ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni wọ́n fi ń ka àgbà rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí sílé kí ó tó dé, ìbáà jẹ́ obìnrin, ọkọ ló jẹ́ fún un. Ìyàwó náà kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, àfi kó sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Eyínfúnjowó. Ọmọ ilé tó bá di dálémoṣú ń padà síbi tó ní ẹ̀tọ́ sí. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá bí, ojú àánú ni yóò máa wò.

Àwọn kan á ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, já irọ́ èyí, nítorí ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú, tí wọ́n tò ó lóòró, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ oyè ni Lúwo. Ìbí ló gbé e dórí ìtẹ́, kì í ṣe ìgbéyàwó, nítorí náà ẹ̀rí tèmi ló ń jẹ́.

Owó kòkó mú páànù àti pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọ Ifẹ̀, àwọn ìyàwó sì wà lára àwọn tó ru kòkó náà. Òfin kò tìtorí ìyẹn yí padà. Ẹjọ́ Lopez, ní Èkó lọ́dún 1924, fìdí ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin múlẹ̀ nínú ilé ẹbí. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu lọ́dún 1957, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ ní aya kò lè jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Nítorí náà, ìwọ obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ kó búlọ́ọ̀kù jọ lónìí, rí i pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé ilẹ̀ náà.